Olùkọ́ Nídìí Ọjà Ní Ìlá-Ọ̀ràngún

Ìlú Ọba Ọ̀ràngún ni Ìlá, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Epo pupa àti ẹmu kò wọ́n níbẹ̀. Láti ọdún 1979 sì ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga fún àwọn olùkọ́ ti wà ní ìlú náà. Ètò SIWES, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1973, a máa rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbi iṣẹ́. Ohun tí ó yẹ akẹ́kọ̀ọ́ yẹ olùkọ́ pẹ̀lú. Nítorí náà ni mo ṣe fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nínú ìsinmi mi jókòó ti ìyá onísọ̀ kan nídìí ọjà rẹ̀.

Àwìn ní í pa ìsọ̀ kékeré. Láyé àtijọ́, òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà a lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó aṣọ rẹ̀ yóò fi pé. Ìyá yìí kì í lóṣòó. Orúkọ, iye owó àti ọjọ́ ìsanwó ń bẹ nínú ìwé rẹ̀. Ẹni tí kò bá san ti àkọ́kọ́ kì í rí èkejì gbà. Àpò méjì ni ó ní: ọ̀kan fún owó ọjà, èkejì fún èrè.

“Ọmọ mi,” ni ó wí, “owó ọjà kì í ṣe owó ọbẹ̀.”

Ẹ̀yin abilékọ tí ń ṣòwò, ẹ ya àpò méjèèjì sọ́tọ̀. Ní tèmi, ìwé àwìn ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìṣúná-owó ilé báyìí.