Ọkọ̀ Tí Yóò Fa Ilé

Ilé tí ọkọ̀ ń fà kò wọ́pọ̀ ní Òkè-Ògùn. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe títì la ti mọ̀ ọ́n: inú kárafáànù ni ẹnjiníà wọn ń sùn, bí iṣẹ́ bá sì ti sún síwájú, wọ́n á fà á tẹ̀ lé e. Ọ̀kan irú rẹ̀ ni wọ́n lù ní gbàǹjo tí mo rà. Ọgbà ẹranko Ọ̀yọ́-Ilé, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1991, kò jìnnà sí Òkàkà tí mò ń gbé. Mo fẹ́ máa kó ìyàwó àtàwọn ọmọ lọ sẹ́bàá igbó náà, ká sùn, ká jí gbóhùn ẹyẹ. Ọkọ̀ tí yóò fà á ló wá kù.

Gbogbo ẹni tí mo fọ̀rọ̀ lọ̀ ló ń sọ̀rọ̀ agbára ẹ́ńjìnnì. Mẹkáníìkì kan ní Òtù nìkan ló bi mí ní ìbéèrè tó ta mí jí: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa fà á lóòótọ́. Ta ló máa bá yín dá a dúró?”

Bẹ́ẹ̀ náà ni. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹni tí à ń fà á di ẹni tó ń ti ni. Hilux onídísù tòde òní lè fa 3,500 kílò, ṣùgbọ́n tí ohun tó ń fà bá ní bíréèkì tirẹ̀ ni o. Bí kò bá ní, 750 kílò péré ni. Bíréèkì kárafáànù kò le: bí ọkọ̀ iwájú bá dín eré kù, kárafáànù á rọ́ lù ú, ọ̀pá tó wà lẹ́nu ìkọ́ á wọlé, á sì fa okùn irin tó ń mú táyà kárafáànù. Okùn tèmi ti dógùn-ún. Mo pààrọ̀ rẹ̀ kí n tó dé ọjà ọkọ̀ rárá.

Ẹrù orí ìkọ́ tún wà níbẹ̀. Ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n kárafáànù ni àwọn ará Amẹ́ríkà ní kó máa bà lé ìdí ọkọ̀. Kárafáànù 1,500 kílò á wá di nǹkan bí 150 sí 225 kílò lẹ́yìn mi, kí n tó ka èèyàn márùn-ún, omi àti iṣu. Bí ìdí bá rì jù, iwájú á gbéra, ọwọ́ ìtọ́kọ̀ á fúyẹ́. Àwọn tó fi Peugeot 504 píkọ́ọ̀pù ilé iṣẹ́ Kàdúná kó iṣu lọ Ìbàdàn mọ ohun tí mò ń wí.

Àbúrò mi tó wà ní Houston ní kí n ra Ford F-150, pé ó ń fa ju tọ́ọ̀nù márùn-ún lọ. Ó dáa. Ta ni yóò tún jíà rẹ̀ ṣe fún mi ní Òkàkà? Láti ìgbà tí ìrànwọ́ orí epo ti lọ ní oṣù Karùn-ún 2023, ta sì ni yóò máa bá mi fún un ní bẹntiróòlù? Hilux tòkunbọ̀ onídísù, tí à ń fọwọ́ yí jíà rẹ̀, ni mo mú. Dísù kì í sáré kó tó fa ẹrù, ẹ̀yà ìpààrọ̀ rẹ̀ sì wà ní gbogbo ìsọ̀.

Ìkọ́ ló gba àkókò. Wẹ́dà kan ní òun á jó o mọ́ bọ́ńpà kí n tó mu omi tán. Mo ní rárá, ṣáásí ni kó fi nọ́ọ̀tì àti bóòtù dè é mọ́. Ó ní ìyẹn ń gba ọjọ́ mẹ́ta. Mo fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún un, mo wọ ọ̀kadà lọ sílé.