Èédú Kan Kì Í Dá Jó

Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ pa mí lẹ́rìn-ín, tí ó sì wá dójú tì mí lẹ́yìn náà.

A ní kíláàsì ìwé kíkà kan fún àwọn obìnrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ràtíbì àdúgbò wa. Èmi ni olùkọ́ níbẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, obìnrin 22 ni ó wá, olúkúlùkù pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsù rẹ̀. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, wọ́n ti ku 7.

Ní ọjọ́ kan, ọmọ àbúrò mi tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì yà láti kí mi, ó sì bá mi níbi tí mo gbé fọwọ́ lérán. Mo ro ẹjọ́ mi fún un. Ó ní, "Màmá, ẹ kò tíì ní critical mass ni." Máàsì nìkan ni etí mi mú nínú rẹ̀. Mo ní, "Ọkọ mi, kí ni Máàsì àwọn Àgùdà ń wá nínú kíláàsì àwa Mùsùlùmí?" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó wá là á yé mi pé bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá fẹ́ sọ pé nǹkan kan ti pọ̀ dé ibi tí kò nílò ẹni tí yóò máa tì í mọ́, tí ó ti lè máa fúnra rẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n ń lò. Olóṣèlú ń lò ó, oníṣòwò ń lò ó. Kódà àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́ ní San Francisco, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ara wọn jọ lóṣooṣù ní 1992 láti jùmọ̀ gba ìgboro kọjá, orúkọ yìí ni wọ́n sọ ìrìn wọn. Nítorí bí kẹ̀kẹ́ bá ti pọ̀ tó, ọkọ̀ ní láti dúró fún wọn.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi. Mo fi ṣe àwáwí. Bí Lèmọ́mù bá béèrè kíláàsì lọ́wọ́ mi, n ó ní, "Iye wa ni kò tíì tó." Mo ń ti ojúlé dé ojúlé kiri, mo ń wá 30. Àwọn 12 mìíràn wá. 9 nínú wọn sì tún lọ. Mo ń pọnmi sínú ìkòkò tí ó jò, n kò sì wo ìdí ìkòkò.

Ìgbà tí ó ṣe, ìyá olóbì kan tí ó ti wà nínú àwọn 22 àkọ́kọ́ dá mi dúró lójú ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́. Ó gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ìgò oògùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n bá òun ka ohun tí ó wà lára rẹ̀. Ṣíbí kékeré tí a fi ń ro tíì ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ṣíbí ìjẹun ńlá ni ìyá náà ti fi fún ọmọ láti àárọ̀. Kíá ni a gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, Ọlọ́hun sì bá wa ṣe é, ara rẹ̀ yá.

Bí a ti ń bọ̀, mo bi í pé, "Ìyá, kí ló dé tí ẹ kò wá mọ́?" Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ ní orí mi le bí òkúta? Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà ni mo gbé lọ sílé."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò lè gbé ojú sókè. Èmi ni mo sọ ọ́. Mo tilẹ̀ ti gbàgbé.

Mo tún ránṣẹ́ pe ọmọ àbúrò mi. Mo ní kí ó sọ fún mi ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn ti ṣẹ̀ wá gan-an. Ó nawọ́ sí kólúpọ̀ọ̀tù tí mo fi ń sun àgbàdo. Ó ní, "Màmá, ẹ yọ èédú kan sọ́tọ̀." Mo yọ ọ́, kò pẹ́ tí ó fi kú. Àwọn tí ó kù fara ti ara wọn, wọ́n ń jó lọ.

Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni yuréníọ́ọ̀mù rí. Bí ègé rẹ̀ kan tí ojú kò lè rí bá là sí méjì, yóò ta ohun wẹ́wẹ́ jáde bí ẹta iná, èyí tí ó lè la òmíràn. Ṣùgbọ́n bí èyí tí ó pọ̀ jù bá ta dànù síta, iná náà yóò kú. Ní Chicago, ní ọjọ́ kejì oṣù Desẹ́ńbà 1942, Enrico Fermi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ to yuréníọ́ọ̀mù pọ̀ mọ́ irú èédú tí ó wà nínú pẹ́ńsù, ìpele lé ìpele títí ó fi di 57, kí ó tó di pé iná náà ń fúnra rẹ̀ lọ. Obìnrin kan ṣoṣo ni ó wà láàrin wọn, Leona Woods, ọmọ ọdún 23. Òun ni ó ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka àwọn ẹta náà.

Ó tún sọ èyí tí ó bà mí lẹ́rù. Ní Los Alamos, ní oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì 1945, Harry Daghlian ń to búríkì wúwo yí bọ́ọ̀lù plutóníọ́ọ̀mù kan ká. Kìlógíráàmù 6.2 ni bọ́ọ̀lù náà, kò tó èyí tí ó lè dá jó. Búríkì kan yọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó balẹ̀ sórí bọ́ọ̀lù náà, ó ń dá àwọn ẹta tí ìbá sá lọ padà sínú. Lójú ẹsẹ̀ ni ó ràn. Kò pé oṣù kan tí ọkùnrin náà fi kú. Bọ́ọ̀lù náà kò fi gíráàmù kan wúwo sí i; ohun tí ó yí i ká ni ó yí padà.

Mo dákẹ́. Gbogbo ọjọ́ tí mo fi ń ka orí, n kò ka ohun tí ń sá lọ. Bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú wa ṣe ń lo ọ̀rọ̀ náà: a ó ní a kò tíì pọ̀ tó, a ó sì jókòó de ènìyàn. Àwọn tí ó ni ọ̀rọ̀ kò fi iye nìkan mọ.

Mo lọ bẹ ìyá olóbì nílé rẹ̀, lójú àwọn ọmọ rẹ̀. A gbé kíláàsì kúrò ní ìrọ̀lẹ́ tí oúnjẹ ń bẹ lórí iná, a mú un sí ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn àsàlátù. A wá ọmọbìnrin kan tí yóò máa tọ́jú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. A so àwọn tí ilé wọn súnmọ́ra pọ̀ ní méjì méjì. Bí ọ̀kan kò bá wá, èkejì a mú ẹ̀kọ́ lọ bá a.

A kò tó 30 títí di òní. Àwa 11 ni. Ṣùgbọ́n láti oṣù márùn-ún, ẹnikẹ́ni kò fi wá sílẹ̀. Ní oṣù tí ó kọjá, ara mi kò yá, n kò lè jáde. Mo rò pé wọn kò ní pàdé. Ní ọ̀sán, ìyá olóbì wọlé tọ̀ mí wá, ó gba ìgò oògùn mi lórí tábìlì, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, ṣíbí kékeré ni o." Ó ní wọ́n ti parí kíláàsì, òun sì ni ó kọ́ wọn.