Ẹ̀rù ń Ba Èmi Náà

Àwòrán kan wà lójú kọ̀ǹpútà mi níbi iṣẹ́. Caspar David Friedrich, ọmọ Jámánì, ló kùn ún ní nǹkan bí ọdún 1818. Ọkùnrin kan dúró lórí àpáta, ó kẹ̀yìn sí wa, kùrukùru sì bo gbogbo ìsàlẹ̀ bí òkun. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ bi mí pé kí ni mo rí níbẹ̀. Mo ní, "Ọ̀nà oko wa ni." Ó bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀nà oko wa wà láàárín Ìkirè àti Apòmù. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí lọ́jọ́ tí ìjì ká èmi àti ìyá àgbà mọ́bẹ̀. Ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò tí wọ́n fi ń dín dòdò Ìkirè. Mo fẹ́ sá sábẹ́ igi ńlá kan. Ìyá àgbà fà mí padà, a lóṣòó sínú ẹrẹ̀ ní gbangba. Kò pẹ́ rárá, igi yẹn wó lulẹ̀ gbì! Mi ò lè sunkún pàápàá. Wọ́n dì mí mú, wọ́n ní, "Ẹ̀rù ń ba èmi náà o." Èmi tí mo rò pé ẹ̀rù kì í ba àgbà!

Ní 1757, Edmund Burke, ọmọ Ireland, kọ ọ́ sínú ìwé pé ohun tó ń dẹ́rù bani lè dùn mọ́ni, bí ewu rẹ̀ ò bá ti sún mọ́ni jù. Irú èrò yìí ló wà nídìí ọ̀pọ̀ àwòrán òkè, ìjì àti òkun ayé ìgbà Friedrich. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọkùnrin orí àpáta yẹn dáadáa: aṣọ rẹ̀ mọ́, ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun nìkan ló dúró, àfi bíi pé òun ló ni ayé. Èyí tó jọ tiwa ni òmíràn tí Friedrich kùn láàárín 1808 sí 1810: ọkùnrin kan tó jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run dúró létí òkun, ó kéré bí èèrà lábẹ́ ojú ọ̀run. Síbẹ̀, òun náà ò rẹ́ni dì mú.

Ọmọ mi obìnrin máa ń bẹ̀rù àrá. Tẹ́lẹ̀, màá ní, "Kò sí nǹkan kan jàre, òjò á dá láago mẹ́rin," torí pé fóònù mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, lálẹ́ ọjọ́ tí a sin ìyá àgbà, àrá sán, gbogbo ilé mì. Ọmọ náà sáré wá bá mi. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lóṣòó, mo ní, "Ẹ̀rù ń ba èmi náà o."

Ó wò mí títí. Ló bá fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bò mí létí.