Àgbélébùú Ara Ògiri ní Jerúsálẹ́mù

Bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, yóò máa sọ pé kò sí oko tí ó tóbi tó ti baba òun. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí, kì í ṣe nípa oko, bí kò ṣe nípa ọ̀nà tí a ń gbà sin Ọlọ́run. Ní oṣù Kejì ọdún 2019 ni mo bá àwọn èrò kan dé Jerúsálẹ́mù, ojú mi sì là. Ohun tí mo rí níbẹ̀ nípa àgbélébùú ni mo fẹ́ rò fún yín, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Ṣùgbọ́n kí a tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n mú yín gba Èkó kọjá.

Ìdílé Àgùdà ni ìyá mi ti wá. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Èkó mọ̀ pé àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Brazil, tí àwọn tàbí ọmọ wọn sì padà wálé, ni a ń pè bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ káfíńtà wà lọ́wọ́ wọn, ẹ̀sìn Kátólíìkì sì wà lọ́kàn wọn. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wọn ni ó kọ́ ilé ìsìn ńlá kan ní Èkó ní nǹkan bí 1880, Àgbélébùú Mímọ́ ni a sì sọ ọ́. Kàtídírà tí ó wà níbẹ̀ lónìí ń jẹ́ orúkọ kan náà. Níbẹ̀ ni ìyá mi ti kọ́ àdúrà.

Nígbà èwe mi, kò sí òwúrọ̀ tí mo jáde nílé tí kì í fi àtàǹpàkò rẹ̀ ya àmì àgbélébùú sí mi níwájú orí. Yóò ní, “O ó lọ ire, o ó bọ̀ ire.” Lẹ́yìn náà ni yóò di ẹrù aṣọ rẹ̀, ó di ọjà Bàlógùn.

Nígbà tí mo di tíṣà, mo bọ́ sí ìjọ mìíràn. Níbẹ̀ ni a ti kọ́ mi pé oògùn ni irú àmì bẹ́ẹ̀, pé kò yàtọ̀ sí gbẹ́rẹ́ àti ońdè. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo ń lọ síbi iṣẹ́ tuntun, bí Màmá ti na ọwọ́, mo gbé orí sẹ́yìn. Mo ní, “Ẹ má ṣe é mọ́, Màmá. Ìbọ̀rìṣà ni.” Ọwọ́ rẹ̀ dúró lófuurufú fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, “Kò burú, ọmọ mi.” Láti ọjọ́ náà títí ó fi kú, ọdún mọ́kànlá gbáko, kò fi ọwọ́ kan iwájú orí mi mọ́.

ỌJÀ NI OJÚ Ọ̀NÀ NÁÀ

Ọ̀nà kan wà ní Jerúsálẹ́mù àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Ọ̀nà Ìrora. Wọ́n ní ibẹ̀ ni Jésù gbà nígbà tí wọ́n ń mú un lọ kàn mọ́gi. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, àwọn ẹlẹ́sìn Franciscan, tí wọ́n ń wọ aṣọ aláwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n sì ń fi okùn funfun gbàjá, a máa ṣíwájú èrò gba ọ̀nà náà. Ibi mẹ́rìnlá ni a ti ń dúró gbàdúrà.

Mo ti rò pé ọ̀nà ìdákẹ́rọ́rọ́ ni yóò jẹ́. Ó tì o! Ọjà ni. Ata lílọ̀, búrẹ́dì, aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀, gbogbo rẹ̀ wà lọ́tùn-ún lósì. Bí a ti ń kọrin ni àwọn alábàárù ń ti ẹrù kọjá, tí wọ́n ń ké pé kí a yà fún àwọn. Àfi bí Ìdúmọ̀tà. Ní ibùdúró karùn-ún ni a ti ń rántí Símónì ará Kírénè, ọmọ Áfíríkà láti ilẹ̀ tí à ń pè ní Líbíyà lónìí. Ó ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ ni àwọn ọmọ ogun Róòmù mú un, tí wọ́n gbé igi àgbélébùú lé e léjìká. Alábàárù tí a kò bá dúnàádúrà, tí a kò sì san kọ́bọ̀ fún! Síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ kò parẹ́ títí di òní.

Mo ra àgbélébùú kékeré kan tí a fi igi ólífì gbẹ́. Onísọ̀ náà ní 50 ṣékélì, mo san 20. Ó fi Ọlọ́run búra pé òun kò jèrè. Mo rẹ́rìn-ín, nítorí mo ti gbọ́ èdè yẹn rí ní ìsọ̀ ìyá mi.

ILÉ TÍ ÌJỌ MẸ́FÀ Ń PÍN

Ọ̀nà náà parí sí ilé ìsìn Ibojì Mímọ́. Inú ilé kan ṣoṣo yìí ni a ti ń fi Gọlgọta hàn wá, tí a tún ń fi ibojì Jésù hàn wá. Hẹ́lẹ́nà, ìyá Kọnstantínì ọba Róòmù, wá sí ìlú náà ní nǹkan bí 326. Ọmọ rẹ̀ kọ́ ilé náà, wọ́n sì yà á sí mímọ́ ní 335. Wọ́n wó o ní 1009, wọ́n sì tún un kọ́.

Ìjọ mẹ́fà ni ó ń sìn níbẹ̀: Gíríìkì, Kátólíìkì, Àmẹ́níà, Kọ́pítíìkì, Síríà àti Etiópíà. Aáwọ̀ wọn kì í tán bọ̀rọ̀. Àkàsọ̀ kan dúró sí ojú fèrèsé lókè ẹnu ọ̀nà láti ọ̀rúndún kejìdínlógún, kò sì sí ẹni tí ó gbọdọ̀ gbé e kúrò láìjẹ́ pé gbogbo wọn fẹnu kò. Ìdílé Mùsùlùmí méjì ni ó ń mójú tó kọ́kọ́rọ́ àti ìlẹ̀kùn. Mo mi orí. Mo rò pé ìjọ tèmi àti ti ìyá mi nìkan ni ó ń jà!

Bí a bá wọlé, àtẹ̀gùn gíga kan wà lọ́wọ́ ọ̀tún tí ó lọ sí orí àpáta Gọlgọta. Lábẹ́ pẹpẹ àwọn Gíríìkì, ihò kan wà tí ènìyàn lè ki ọwọ́ bọ̀ kí ó fi kan àpáta. Mo kúnlẹ̀, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Òkúta tútù ni mo bá.

Ẹ rántí pé ikú ẹrú, ti olè àti ti ọ̀tẹ̀ ni àgbélébùú láyé àwọn ará Róòmù. Ta ni yóò fi okùn tí a fi ń yẹgi fún ọ̀daràn ṣe ọ̀ṣọ́ ọrùn? Síbẹ̀ ohun ìtìjú yìí ni àwọn Kristẹni gbé lé iwájú orí, nítorí ìgbàgbọ́ wọn pé Ẹni tí ó kú lórí rẹ̀ kú nítorí ìfẹ́. Ní nǹkan bí 200, Tertullian, ará Carthage ní Àríwá Áfíríkà, ti kọ ọ́ pé àwọn Kristẹni a máa ya àmì náà síwájú orí bí wọ́n bá ń jáde àti bí wọ́n bá ń wọlé. Ní nǹkan bí 350, ní ilé ìsìn Jerúsálẹ́mù yìí gan-an, Cyril kọ́ àwọn tí ó fẹ́ ṣèrìbọmi pé kí wọ́n má tijú àmì náà, kí wọ́n yà á nígbà oúnjẹ, nígbà oorun àti nígbà ìrìn-àjò.

Mo wo àwọn tí ó yí mi ká. Àwọn Gíríìkì pa ìka mẹ́ta pọ̀ nítorí Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́. Wọ́n kan iwájú orí, wọ́n kan àyà, wọ́n sì gba èjìká ọ̀tún bọ́ sí tòsì. Àwọn Kátólíìkì ń gba tòsì bọ́ sí ọ̀tún. Èmi nìkan ni ọwọ́ mi kò gbé. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ ìjọ mi ni ó dì í mú mọ́. Ojú ń tì mí ni.

ARA ÒGIRI

A sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá àdúrà Hẹ́lẹ́nà mímọ́, tí ó jẹ́ ti àwọn ará Àmẹ́níà. Ògiri tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn náà kún fún àgbélébùú kéékèèké tí a gbẹ́ sára òkúta, wọ́n tò pọ̀ lọ bí ẹní ń to ìlẹ̀kẹ̀. Ẹni tí ń mú wa kiri ní àwọn arìnrìn-àjò àtijọ́ ni ó gbẹ́ wọn, olúkúlùkù tirẹ̀. Mo fi àtàǹpàkò tọ ojú ọ̀kan, ọkàn mi sì lọ sọ́dọ̀ ìyá mi.

Lẹ́yìn tí mo padà délé, ní 2021, mo kà á pé àwọn onímọ̀ ti yẹ ògiri náà wò fínnífínní. Wọ́n ní àwọn agbẹ́kúta díẹ̀ ni ó gbẹ́ wọn, nítorí bákan náà ni ìjìn wọn àti ojú irin wọn rí. Ó lè jẹ́ pé àwọn arìnrìn-àjò ni ó ń bẹ̀ wọ́n níṣẹ́, kí wọ́n gbẹ́ ọ̀kan fún ọkàn àwọn àti ti àwọn ènìyàn wọn nílé. Ọwọ́ ẹnì kan ni ó ń ya àmì náà fún ẹlòmíràn.

Nígbà náà ni mo gbéra lọ sọ́dọ̀ Sìsí mi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ó ṣì ń ṣe ìsìn Àgùdà. Mo fún wọn ní àgbélébùú igi ólífì náà, mo sì sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún wọn. Wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n ní, “Àbúrò mi, ṣé o rò pé Màmá ṣíwọ́ ni? Bí o bá ti wá kí wa, tí o sì ti jáde, ara òpó ìlẹ̀kùn ni wọ́n máa ń yà á sí.”

N kò lè sọ̀rọ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú Sìsí mi, mo sì na iwájú orí.

Èmi kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi ìjọ rẹ̀ sílẹ̀ o. Bí aláyédèrú oníṣòwò bá ya àmì náà ní ìgbà ọgọ́rùn-ún lójúmọ́, òṣùwọ̀n rẹ̀ kò ní pé nítorí ìyẹn. Ẹni tí ó bá fi ṣe ońdè kò tíì mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ìyá yín bá na ọwọ́ ìbùkún sí yín lówùúrọ̀, ẹ má gbé orí sẹ́yìn. Ọ̀nà Jerúsálẹ́mù jìn.