Ìbéèrè Wa Ni Atọ́kùn Ń Béèrè

Bí ìdìbò bá ti ń sún mọ́lé, àwọn olùdíje a máa kojú ara wọn níbi ìjiyàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé, nígbà tí ìjiyàn bá parí, atọ́kùn tó béèrè ìbéèrè ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń bá jà, kì í ṣe alátakò wọn. Wọ́n á ní ó ṣègbè. Wọ́n á ní ó já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ àwọn lẹ́nu. Ọmọ ọdún 16 ni mí. Ó ku ọdún 2 kí òfin tó gbà mí láyè láti dìbò, mo sì fẹ́ mọ bí èèyàn ṣe ń dá ẹ̀sùn tòótọ́ mọ̀ yàtọ̀ sí àwáwí.

Àpẹẹrẹ tó yé mi jù wá láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 2015, àwọn tó fẹ́ gba tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ òṣèlú Republican láti du ipò ààrẹ jiyàn ní ìlú Boulder, lórí tẹlifíṣọ̀n CNBC. Atọ́kùn kan bi Ted Cruz léèrè ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ gbèsè ìjọba. Dípò kí ó dáhùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀ṣẹ̀ sí àwọn atọ́kùn lọ́rùn, ó ní ṣe ni wọ́n ń tàbùkù àwọn olùdíje. Àtẹ́wọ́ sọ gbogbo gbọ̀ngàn. Atọ́kùn ní ọ̀rọ̀ gbèsè ni òun béèrè, òun kò sì rí ìdáhùn. Nígbà tí Cruz wá fẹ́ dáhùn, wọ́n ní àkókò rẹ̀ ti tán.

N kò ní sọ pé Cruz kò rí nǹkan kan sọ. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, atọ́kùn mìíràn bi Donald Trump bóyá ìpolongo inú ìwé ẹ̀fẹ̀ aláwòrán ni ó ń ṣe. Èébú tó wọ aṣọ ìbéèrè nìyẹn. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Síbẹ̀, ẹni tó jókòó sílé tó fẹ́ gbọ́ nípa gbèsè, ta ni ó dá a lóhùn? Àtẹ́wọ́ kì í ṣe ìdáhùn.

Ẹ̀sùn yìí kò ṣàjèjì sí mi, nítorí èmi ni mo máa ń mójú tó aago níbi ìjiyàn ní ilé-ẹ̀kọ́ wa. Nígbà kan, ọmọkùnrin kan ní mò ń tètè lu agogo fún ìhà tiwọn. Olùkọ́ wa kò bá a jà, kò sì bá mi wí. Ó gbé aago náà sórí tábìlì níwájú, níbi tí gbogbo èèyàn ti lè rí i. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó tún fẹjọ́ aago sùn.

Irú ọgbọ́n yìí ni wọ́n dá ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2020. Nígbà tí Trump àti Joe Biden kọ́kọ́ jiyàn ní Cleveland, Trump ń já lu ọ̀rọ̀ léraléra, apá Chris Wallace tó jẹ́ atọ́kùn kò sì ká a. Nígbà tí wọ́n tún pàdé ní Nashville ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá, bí ẹnìkan bá ń lo ìṣẹ́jú 2 rẹ̀ àkọ́kọ́ lórí ìbéèrè, wọ́n á pa ẹ̀rọ gbohùngbohùn ẹnìkejì. Òfin tó ṣojú gbogbo èèyàn ṣe ohun tí ìbínú kò lè ṣe.

Ní Nàìjíríà níbí, a kì í tilẹ̀ débẹ̀ nígbà mìíràn. Ní ọdún 2015, ẹgbẹ́ APC ní àwọn olùṣètò ìjiyàn ààrẹ ń ṣègbè, Muhammadu Buhari kò sì wá. Ní ọdún 2019, kò tún wá. Atiku Abubakar dé ibẹ̀, ó ní òun kò ní jiyàn nígbà tí Buhari kò sí níbẹ̀. Olùdíje tó ń ráhùn lórí pèpéle ṣì sàn, nítorí a ṣì lè bi í ní ìbéèrè mìíràn. Èyí tí kò jiyàn rárá ńkọ́?

Ní tèmi, ohun 2 ni n ó máa wò bí olùdíje bá fẹjọ́ atọ́kùn sùn. Ṣé òfin kan náà ni wọ́n lò fún gbogbo wọn? Ṣé ó dáhùn ìbéèrè náà nígbà tó ráhùn tán? Bí wọ́n bá rẹ́ ẹ jẹ, kí ó sọ ọ́, kí wọ́n sì tún un ṣe. Ṣùgbọ́n kí ó dáhùn, nítorí àwa tí a kò lè wọ gbọ̀ngàn ni atọ́kùn ń bá béèrè.