Orin Wákàtí Kan Tó Wọ Ilé Wa

Àwọn tó bá mọ̀ wá nínú ẹgbẹ́ yìí mọ̀ pé ìṣirò owó niṣẹ́ wa. Bí ìpàdé bá ti parí, àwa la máa ń ka owó ìdáwó, tí a ó sì máa wá àwọn tí kò tíì san tiwọn kiri. A kì í ṣe ẹni tí í kọ̀wé nípa orin. Ṣùgbọ́n orin kan wọ ilé wa ní Nottingham ní nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn, láti ìgbà náà kò sì sí ẹni tó yà sọ́dọ̀ wa tí kò ní ohun tó fẹ́ sọ nípa rẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ la fẹ́ kọ sílẹ̀, a ó sì fi tiwa kún un.

Orúkọ àwo orin náà ni Dopesmoker. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta kan láti ìlú San Jose ní Kalifóníà, tí wọ́n pe ẹgbẹ́ wọn ní Sleep, ló ṣe é: Matt Pike ló ń ta gìtá, Al Cisneros ń ta béèsì, òun náà ló sì ń kọrin, Chris Hakius sì wà nídìí ìlù. Orin kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe, orin ọ̀hún sì gba ìṣẹ́jú 63. Ẹ ò ṣì í kà o. Irú orin yìí ni àwọn òyìnbó ń pè ní stoner rock, èyí tí í ṣe rọ́ọ̀kì àwọn amugbó, orúkọ àwo náà pàápàá kò sì fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: amugbó ló túmọ̀ sí. Ọmọ wa ọkùnrin, ẹni ọdún 17, ló fi owó tó gbà nídìí iṣẹ́ ìgbà ìsinmi rà á. Nígbà tí a bi í pé kí lorúkọ ohun tó gbé wọlé, ó sọ ọ́ tìtìjú-tìtìjú. Ẹ̀yin tí ẹ bímọ sí ilẹ̀ yìí, ẹ kò nílò kí a ṣàlàyé bí ọkàn wa ti rí.

Kí a tó dé orí igbó, ẹ jẹ́ kí a sọ bí orin náà ṣe ń dún. Gìtá ló ni ín. Kì í ṣe gìtá tó ń dún wìnrìn-wìnrìn bí èyí tí a mọ̀ nínú orin jùjú, bí kò ṣe èyí tí wọ́n dẹ okùn rẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi lọ sílẹ̀ pátápátá, tí wọ́n wá fi ẹ̀rọ mú kí ó máa kùn bí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gun òkè. Birmingham, tí kò jìnnà sí wa níbí, ni àṣà náà ti ṣẹ̀. Tony Iommi, onígìtá ẹgbẹ́ Black Sabbath, ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ irin nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 17, ẹ̀rọ sì gé orí ìka rẹ̀ méjì. Ó fi ike ṣe orí ìka fún ara rẹ̀. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ okùn gìtá kí ó lè rọrùn fún un láti tẹ̀. Dídẹ̀ tó dẹ̀ ẹ́ yìí wà lára ohun tó fún àwo wọn Master of Reality, tó jáde ní 1971, ní ohùn wúwo tó ní. Àwọn ọmọ Sleep gbọ́ Black Sabbath yó, wọ́n mú ohùn yẹn, wọ́n fà á gùn, wọ́n sì mú kí ó máa rìn pẹ̀lẹ́ bí ràkúnmí. Ọ̀rọ̀ inú orin náà kò pọ̀. Ìtàn àwọn èrò kan ni, tí wọ́n ń rìn nínú aṣálẹ̀ lọ sí ilẹ̀ mímọ́, tí èéfín igbó sì dúró fún tùràrí ìsìn wọn.

Ìyàwó wa ló kọ́kọ́ dájọ́. Ó dúró sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, ó tẹ́tí, ó ní, “Ṣé kò sí ẹni tó lè lọ pa jẹnẹrétọ̀ yìí ni?” Ó ní ohùn náà kò yàtọ̀ sí ti jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wọn ní Súrùlérè nígbà tí òun wà lọ́mọdé, tó jẹ́ pé bí NEPA bá mú iná lálẹ́, kò sí oorun fún ẹnikẹ́ni mọ́. A ò lè sọ pé irọ́ ló pa. Àmọ́ nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kejì, òun fúnra rẹ̀ fi kún un pé bó bá ti pẹ́ díẹ̀, èèyàn kì í gbọ́ jẹnẹrétọ̀ mọ́, àfìgbà tó bá dákẹ́.

Ní ibi iṣẹ́ wa, ọkùnrin òyìnbó kan wà tó ti lé ní 50 ọdún, oníṣirò owó bíi tiwa. A kò gbọ́ ọ̀rọ̀ orin lẹ́nu rẹ̀ rí. Bí a ṣe dárúkọ àwo náà fún un níbi tí a ti ń mu tíì, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní kò sí èkejì rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ, kí ó pa fóònù rẹ̀, kí ó jókòó, kí ó má ṣe fo ibì kankan, nítorí pé àyípadà inú rẹ̀ kò pọ̀, ẹni tó bá sì ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ló lè mọ̀ ọ́n lára. Ọ̀dọ́bìnrin tó jókòó tì wá bú sẹ́rìn-ín. Òun náà fẹ́ràn rọ́ọ̀kì líle, ṣùgbọ́n ó ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lòun fún un, pé ohun tó wà nínú mẹ́wàá yẹn náà ló wà nínú 53 tó kù, àti pé ẹni tó bá ń sọ pé òun gbádùn rẹ̀ kàn ń fi ìfaradà ṣe fáàrí ni. Ìjà wọn kò parí títí a fi padà sídìí tábìlì wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń gbọ́ orin yìí ṣe pín níbi gbogbo. Àwọn kan kà á sí òkè tí ẹnikẹ́ni kò tíì gùn kọjá nínú irú orin bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní orin kékeré kan ni wọ́n fà bíi rọ́bà.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ wá lára jù ni bàbá kan tí wọ́n máa ń lu dùndún fún wa níbi àjọ̀dún ẹgbẹ́. Wọ́n wá kí wa lọ́jọ́ Àìkú kan, orin náà sì ń dún láti òkè. A fẹ́ lọ ní kí ọmọ náà pa á, bàbá ní kí a fi í sílẹ̀, pé kí ó gbé e wá sí pálọ̀. Ọmọ sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó gbé e wá. Bàbá fetí sí i fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú láìsọ̀rọ̀, wọ́n kàn ń fi ìka lu apá àga. Nígbà tó yá wọ́n ní, “Omele ló ń dún látàárọ̀. Ìyáàlù dà?”

A rò ó wò, ó rí bẹ́ẹ̀. Láàrin àwọn onídùndún, omele kì í sáré yí ohùn padà. Ohun kan náà ló ń sọ láti alẹ́ dé òwúrọ̀, òun ló ń di ilẹ̀ mú kí ìyáàlù lè rí ibi dúró sọ̀rọ̀. Lójú bàbá, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà yìí ti to omele mẹ́ta jọ, wọn ò ránṣẹ́ pe ìyáàlù. Ọmọ wa ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ní sùúrù, ó ń bọ̀.” Nígbà tí gìtá wá já jáde lóhùn òkè, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ẹni tó ń dárò, bàbá na ìka sí ẹ̀rọ náà: “Ẹ́n-ẹ̀n! Ó ti ń fọhùn.” Wọn ò sọ pé ó dùn o. Wọ́n ní ìyáàlù náà kò tíì gbọ́ èdè, ariwo ló ń pa. Síbẹ̀ wọ́n jókòó títí orin fi parí, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọ náà sì dìde lọ yí rẹ́kọ́ọ̀dù.

Ní ti pé orin náà gùn, a kò rí ẹjọ́ tí Yorùbá lè rò níbẹ̀. Ní ilé bàbá wa ní Ìbàdàn, ọjọ́ Sátidé ni wọ́n máa ń gbé rẹ́kọ́ọ̀dù Ebenezer Obey sórí ẹ̀rọ. Ojú kan a máa lọ láìdánudúró, orin a máa wọnú orin, títí abẹ́rẹ́ yóò fi dé àárín. Fela ṣe Confusion ní 1975, nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 ni, orin kan ṣoṣo náà ló sì gba ojú méjèèjì rẹ́kọ́ọ̀dù. Bí àwọn onífújì bá ń ṣeré mọ́jú, ta ló ń wo aago? Ọmọ wa mọ èyí, òun ló sì fi ń mú wa: “Dàdí, tiyín náà gùn.” Ìdáhùn wa ni pé ti Obey gùn nítorí pé èèyàn pọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n ń ki olówó, wọ́n ń kìlọ̀ fún ọ̀dọ́, wọ́n ń dárò òkú, ìlù ń dá gìtá lóhùn. Ẹni tó jókòó síbẹ̀ mọ̀ pé wọ́n lè dárúkọ òun nígbàkígbà. Nínú ti Sleep, kò sí ẹni tí a ń kí. Àléébù tó tóbi jù tí a rí sí i nìyí, a kò sì tíì rí olólùfẹ́ orin náà tó dá wa lóhùn tó tẹ́ wa lọ́rùn. Èyí tó sún mọ́ ọn jù ni ti ọmọ wa. Ó ní ohun tí òun fẹ́ràn nínú rẹ̀ gan-an nìyẹn, pé ní wákàtí yẹn kò sí ẹni tó ń pe òun.

A máa ń rántí ọ̀rọ̀ yẹn nígbà tí a bá fẹ́ ké pè é láti ìsàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú iṣẹ́ wa wo ọ̀rọ̀ náà díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ló ti dùn mọ́ wa. Àwo wọn tó ṣáájú, Sleep's Holy Mountain, Earache ti Nottingham wa níbí ló gbé e jáde. Lẹ́yìn náà ni ilé-iṣẹ́ ńlá kan, London Records, bá wọn ṣe àdéhùn, ó sì san owó sílẹ̀. Ní 1996, àwọn ọmọ náà wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀ pẹ̀lú Billy Anderson. Téèpù kan kò lè gba gbogbo orin náà, abala-abala ni wọ́n gbà á sílẹ̀ tí wọ́n sì so ó pọ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó sanwó, wọ́n wò ó: orin kan, wákàtí kan, kò sí ibi tí rédíò ti lè gé e jẹ. Wọ́n kọ̀ láti gbé e jáde, ẹgbẹ́ náà sì tú ká. Ní 1999 ni ẹ̀dà kan tó jẹ́ ìṣẹ́jú 52 jáde lórúkọ Jerusalem, wọ́n pín in sí ọ̀nà mẹ́fà. Ní 2003 ni ti ìṣẹ́jú 63 jáde lórúkọ Dopesmoker, wọ́n sì tún un tẹ̀ ní 2012. Oníṣirò owó tó bá wà nídìí ìwé ilé-iṣẹ́ náà nígbà yẹn kò lè ṣe ju kí ó pa owó náà rẹ́ lọ, àwa náà ìbá pa á rẹ́. Òfin iṣẹ́ wa kò gbà pé kí a ka ohun tí a kò fẹ́ tà mọ́ ọrọ̀. Kò sì sí ìlà kankan nínú ìwé wa tí a ti lè kọ ọ́ pé ọmọ tí wọn kò tíì bí ní 1996 yóò fi owó iṣẹ́ ìsinmi rẹ̀ rà á.

Ó wá ku igbó.

Ìyàwó wa fẹ́ kí ọmọ náà dá àwo náà padà sí ṣọ́ọ̀bù. Alàgbà kan nínú ìjọ wa ní kí a dáná sun ún. Òyìnbó ibi iṣẹ́ wa, ní tirẹ̀, ní òun ti ń gbọ́ ọ fún ogún ọdún lórí tíì lásán. A gbọ́ gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a mọ̀ tí àwọn yìí kò mọ̀. A ní ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa, ẹni tó kọ́kọ́ fi gìtá lé wa lọ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu igbó nígbà tó wà ní ilé-ìwé girama. Kí ó tó pé ọdún 22, ó ti ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, wọ́n gbé e dé orí òkè àdúrà, wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀. Ó wà láàyè títí di òní, iwájú ilé ló máa ń jókòó sí, kò sì ta gìtá mọ́. A kò sọ pé igbó nìkan ló fà á. Ṣùgbọ́n ìwádìí àwọn dókítà ti fi hàn pé ẹni tó bá ń mu igbó líle lójoojúmọ́ láti ìgbà èwe, ewu irú àrùn ọpọlọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ fún un ju fún ẹlòmíràn lọ. Lóòótọ́, ní 1996 tí wọ́n gba orin yìí sílẹ̀ náà ni àwọn ará Kalifóníà dìbò pé kí aláìsàn lè lò ó, ní 2016 wọ́n sì dìbò fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le. Ìyẹn ni tiwọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ọlọ́pàá ṣì ń mú èèyàn nítorí rẹ̀, ẹ sì mọ irú ọmọ tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá dúró lójú pópó.

A kò dáná sun nǹkan kan. A lọ jókòó sí iyàrá ọmọ náà lálẹ́ ọjọ́ kan, a sọ ìtàn bọ̀dá yẹn fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò gbọ́ ọ rí. Ohun tó mọ̀ kò ju pé bọ̀dá kan wà ní Ìbàdàn tí ara wọn kò yá. Ó ní òun kò tíì mu ún, pé àwọn kan ń mu ún ní ilé-ìwé wọn, wọ́n sì ti fi lọ òun. A sọ fún un pé a gbà á gbọ́, a ó sì máa bi í léèrè lóòrèkóòrè, nítorí pé bí a ṣe ń ṣe pẹ̀lú ìwé owó tí a fọkàn tán náà nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó bèèrè irú orin tí bọ̀dá náà máa ń ta. A ní Sunny Adé ni, pé ó mọ gbogbo gìtá inú Juju Music, èyí tó jáde ní 1982, ó sì lè fi ẹnu ta wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Rẹ́kọ́ọ̀dù náà wà lọ́wọ́ wa, ti bàbá wa ni. Ọmọ náà yọ Dopesmoker kúrò lórí ẹ̀rọ, ó fi í sínú páálí rẹ̀, ó gbé ti Sunny sí i. Nígbà tó gbọ́ gìtá kan tó ń fa ohùn gùn láàrin àwọn yòókù, ó gbé orí sókè, ó ní ta ló ń ta ìyẹn. A sọ fún un pé Démọ́lá Adépọ̀jù ni.