Ibo Ni Iṣẹ́ Náà Dé?

Kò sí orin kankan nínú wáyà MIDI. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ sọ nìyẹn fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí wọ́n bá gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká wá bá mi pé òun àti kíbọ́ọ̀dù kò gbọ́ra wọn yé. Ọ̀pọ̀ wọn a kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, nítorí lójú tiwọn, ohùn dùùrù ló wọ inú wáyà níhìn-ín tó sì jáde lọ́hùn-ún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí èèyàn bá tẹ bọ́tìnì kan, iṣẹ́ kékeré kan ni kíbọ́ọ̀dù rán jáde: wọ́n ti tẹ nótì 60 lórí ìkànnì kìíní, agbára ọwọ́ tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ jẹ́ 90. Bí ọwọ́ bá kúrò níbẹ̀, iṣẹ́ mìíràn á tẹ̀ lé e pé wọ́n ti fi nótì 60 sílẹ̀. Ó parí. Àrokò gan-an ni. Ẹni tó gbé e kò sọ̀rọ̀, ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ló mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bó bá sì ṣèèṣì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, owó ẹyọ àti ìyẹ́ lásán ni onítọ̀hún rí.

Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé òun ló ń pinnu bí èèyàn ṣe máa wá ìdí ìṣòro. Ẹni tó gbà pé ohùn ló wà nínú wáyà, bí nǹkan kò bá dún, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í kọjá pé “ó ti bàjẹ́.” Á yí fólúùmù sókè títí, á pààrọ̀ sípíkà, bí ìjọ bá sì lówó, wọn á dáwó ra kíbọ́ọ̀dù tuntun, ìṣòro náà á sì bá wọn dé orí tuntun yẹn. Ẹni tó mọ̀ pé iṣẹ́ ni wọ́n rán, ìbéèrè mìíràn ni yóò béèrè. Ibo ni iṣẹ́ náà dé? Ṣé ó tilẹ̀ kúrò lọ́wọ́ kíbọ́ọ̀dù? Bó bá dé inú kọ̀ǹpútà, ta ni wọ́n fà á lé lọ́wọ́ níbẹ̀?

Ẹ ò ní mọyì MIDI, èdè tí àwọn ẹ̀rọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn yìí, bí ẹ ò bá mọ bó ṣe dáyé. Kó tó dé, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ń ṣe ẹ̀rọ orin synthesizer ló ní ọ̀nà tirẹ̀ tó fi ń so ẹ̀rọ pọ̀, ti ọ̀kan kì í sì í bá ti èkejì mu. Ní 1981, Dave Smith, ará Amẹ́ríkà tó dá Sequential Circuits sílẹ̀, àti Chet Wood tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, gbé àbá kan lọ síwájú Audio Engineering Society pé kí gbogbo ẹ̀rọ máa sọ èdè kan náà. Ikutaro Kakehashi tó dá Roland sílẹ̀ ní Japan náà ti ń lépa irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1983, níbi ìpàtẹ ohun èlò orin NAMM ní California, wọ́n fi wáyà so Prophet-600 ti Sequential mọ́ Jupiter-6 ti Roland. Wọ́n tẹ ọ̀kan, èkejì dún. Àwọn tó ń bára wọn du ọjà ni wọ́n o! Wọn ò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ lo èdè náà. Smith àti Kakehashi gba ẹ̀bùn Grammy ti ìmọ̀ ẹ̀rọ lórí rẹ̀ ní 2013. Lójú tèmi, ó pẹ́ jù.

Wáyà tí wọ́n yàn nígbà náà ní irin márùn-ún lẹ́nu, ṣùgbọ́n mẹ́ta péré ni iṣẹ́ náà ń lò nínú wọn. Bíìtì 31,250 ló ń gba ibẹ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tó túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ nótì kan ń gbà tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá láti dé. Àwọn ọmọ òde òní á ní ó lọ́ra. Etí kì í mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo fẹ́ràn nípa rẹ̀ ni pé ojú ń rí i. Ẹ̀yìn kíbọ́ọ̀dù ni wọ́n kọ IN, OUT àti THRU sí. OUT ti ẹni tó ń ránṣẹ́ ló ń lọ sí IN ti ẹni tó ń gbà á, THRU á sì tún ohun tó wọ IN rán sí ẹni tó kàn. Bí nǹkan kò bá dún, ẹ lè fi ìka tọ ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Nígbà tí ìlànà MIDI orí USB jáde ní 1999, wáyà kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àlọ àti àbọ̀. Ó rọrùn, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀nà tí à ń fojú rí tẹ́lẹ̀ wọ inú kọ̀ǹpútà lọ, kò sì sí ìka tó lè tọ̀ ọ́ níbẹ̀ mọ́. Inú ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wàhálà wà báyìí.

Wáyà USB fúnra rẹ̀ kò tó nǹkan, síbẹ̀ ó ti dójú ti ọ̀pọ̀ àgbà. Púpọ̀ nínú wáyà olówó pọ́ọ́kú tí a fi ń ṣáájì fóònù, iná nìkan ló ń gbé. Kò sí okùn tó ń gbé ọ̀rọ̀ nínú wọn rárá. Kíbọ́ọ̀dù kékeré tó ń gba iná lára kọ̀ǹpútà á tàn wàì, kọ̀ǹpútà kò sì ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀. Iná tó tàn yẹn ló ń tan èèyàn jẹ. Bí kọ̀ǹpútà bá sì rí i, ètò tí ẹ fi ń gba orin sílẹ̀ ṣì lè má rí i. Lórí Windows, ó ti pẹ́ tó jẹ́ pé ètò kan ṣoṣo ló sábà máa ń lè di ẹnu ọ̀nà MIDI kan mú lẹ́ẹ̀kan náà. Bí òmíràn bá ti kọ́kọ́ gbà á, tí ẹ sì gbàgbé rẹ̀ ní ṣíṣí, èyí tí ẹ fẹ́ lò á ní òun ò rí nǹkan kan. Bí ẹ bá yọ wáyà nínú ihò kan tí ẹ sì ki wáyà náà bọ òmíràn, kọ̀ǹpútà lè fún kíbọ́ọ̀dù kan náà ní orúkọ tuntun, kí ètò orin sì máa dúró de orúkọ àtijọ́.

Kí n má baà máa méfò, mo máa ń ṣí ètò kékeré tó ń fi gbogbo iṣẹ́ tó bá wọlé hàn lójú: MIDI-OX ni lórí Windows, MIDI Monitor ni lórí Mac. Mo tẹ bọ́tìnì kan. Bí nọ́ńbà bá jáde lójú rẹ̀, kíbọ́ọ̀dù àti wáyà mọ́ nínú ẹjọ́ náà, inú ètò orin ni ká lọ wádìí. Bí nọ́ńbà kò bá jáde, kò sí ohun tí à ń wá nínú ètò orin. Ìyẹn nìkan ti gé ìrìn àjò náà sí méjì, owó kankan kò sì jáde nínú àpò ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ náà sì lè dé, àmọ́ kó jẹ́ orí ìkànnì tí kò yẹ ló gbà. Ìkànnì 16 ló wà nínú wáyà kan, ìkànnì 10 sì ní ìwà tirẹ̀. Ìlànà General MIDI ti 1991 yà á sọ́tọ̀ fún ìlù. Ẹni tó bá ń ránṣẹ́ lórí rẹ̀ láìmọ̀ á fẹ́ tẹ orin ìyìn pẹ̀lẹ́, kóńgà àti ìlù ńlá ni yóò máa dá a lóhùn. Ẹ lọ tẹ nótì 67 àti 68 níbẹ̀ lọ́jọ́ kan tí ọwọ́ yín bá dilẹ̀: agogo ni, èyí tí àwọn èèyàn wa gbé dé Brazil, tó sì ti Brazil wọ inú ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù ayé.

Èyí tó ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà jù ni ti ohùn méjì. Kíbọ́ọ̀dù tó ní ohùn tirẹ̀ nínú, ẹ̀rọ méjì ló jẹ́ nínú àpótí kan: bọ́tìnì tí ọwọ́ ń tẹ̀, àti ẹ̀rọ tó ń dún. Wọ́n ti so àwọn méjèèjì pọ̀ nínú láti ilé iṣẹ́ tó ti wá. Bí ẹ bá wá so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, bọ́tìnì á ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ ohùn rẹ̀ tààrà, á tún rán iṣẹ́ kan náà sí kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà náà á sì dá a padà sọ́dọ̀ ẹ̀rọ ohùn yẹn. Nótì kan á dún lẹ́ẹ̀mejì. Èkejì á fi díẹ̀ pẹ́ lẹ́yìn èkíní, débi tí etí kò ní í lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ohùn tó ṣófo, tó sì ń gbọ̀n, ni ẹ ó máa gbọ́. Kíbọ́ọ̀dù tó lè dún nótì 64 lẹ́ẹ̀kan náà á di ti 32, nótì á sì máa já lójú agbo. Mo mọ ẹni tó gbé irú rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ atúnẹ̀rọṣe. Onítọ̀hún tú u palẹ̀, ó tò ó padà, ó gba owó rẹ̀, ohùn méjì sì tún padà sílé.

Ibi tí wọ́n kọ Local Control sí nínú ètò kíbọ́ọ̀dù náà ni kí ẹ lọ. Ẹ pa á. Okùn inú á já, bọ́tìnì á máa bá kọ̀ǹpútà nìkan sọ̀rọ̀, kọ̀ǹpútà á sì máa bá ẹ̀rọ ohùn sọ̀rọ̀. Ẹ má gbàgbé láti tan án padà kí ẹ tó gbé kíbọ́ọ̀dù lọ sóde ìnáwó láìsí kọ̀ǹpútà. Kíbọ́ọ̀dù mìíràn máa ń tan án padà fúnra rẹ̀ bí ẹ bá pa iná kíbọ́ọ̀dù náà, òmíràn kì í gbàgbé pé ẹ ti pa á. Irú èyí, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ títí níwájú olóde, kò ní í fọhùn.

Ti nótì tó kọ̀ tí kò dákẹ́ kò gba àlàyé púpọ̀. Wáyà já nígbà tí ọwọ́ ṣì wà lórí bọ́tìnì, iṣẹ́ “wọ́n ti fi í sílẹ̀” kò dé mọ́, ẹ̀rọ ohùn sì ń dúró dè é. Pásítọ̀ á ti máa gbàdúrà, fèrè kan á ṣì máa dún lábẹ́ àdúrà náà. Iṣẹ́ nọ́ńbà 123 ló ń pàṣẹ pé kí gbogbo nótì dákẹ́. Ọ̀pọ̀ ètò orin ní bọ́tìnì fún un, Panic ni wọ́n sì kọ sí i lára. Ẹ mọ ibi tó wà kí ọjọ́ Ìsinmi tó dé.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwa Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n ni dùndún. Àwọn kan ti gba ohùn dùndún sílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, àwọn ọ̀dọ́ sì fẹ́ràn láti máa fi wíìlì tó wà lápá òsì kíbọ́ọ̀dù fa ohùn náà lọ sókè sódò. Wíìlì yẹn lè sọ ipò 16,384 tó yàtọ̀ síra, ó ju ohun tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lè ṣẹ́ sí wẹ́wẹ́ lọ. Síbẹ̀ kì í sọ bí ohùn ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà tó. Ohun tó ń sọ kò ju pé wọ́n ti yí òun dé òkè pátápátá. Ẹni tó gba iṣẹ́ náà ló máa pinnu bóyá òkè pátápátá jẹ́ láti doh dé ray, tàbí láti doh dé soh. Doh dé ray ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń gbé wá láti ilé iṣẹ́. Ó tó onígìtá. Kò tó ẹni tó fẹ́ fi dùndún ki oríkì rárá: ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ á sún mọ́ra jù, oríkì á di ìró lásán, àwọn àgbà á sì máa wo ara wọn lójú. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Pitch Bend Range sí lọ́dọ̀ ẹni tó ń gbà á, kí ẹ ṣí i dé soh ó kéré tán.

Lẹ́yìn náà ni ìṣòro kejì á yọjú. Iṣẹ́ tí wíìlì ń rán kì í dárúkọ nótì kankan. Gbogbo ohun tó wà lórí ìkànnì náà ló ń bá wí. Bí dùndún àti dùùrù bá jọ wà lórí ìkànnì kan, bí dùndún bá ti fa ohùn, dùùrù á bá a fà á, ìjọ á sì rò pé iná ló ń lọ sílẹ̀. Ẹ fún dùndún ní ìkànnì tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù lè pín ara wọn sí méjì, kí apá òsì máa ránṣẹ́ lórí ìkànnì 2, kí apá ọ̀tún sì dúró lórí ìkànnì 1.

Ó ku ariwo hùn-ún tó máa ń wọlé bí a bá ki ṣájà kọ̀ǹpútà bọ iná jẹnẹrétọ̀. USB ń so ilẹ̀ iná ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀, wáyà ohùn sì tún so wọ́n lẹ́ẹ̀kejì, ariwo á wá ríbi gbà. Ẹ yọ ṣájà kí ẹ fi bátìrì ṣiṣẹ́ díẹ̀. Bó bá dákẹ́, ẹ ti mọ ẹni tó ń pariwo. Àwọn tó ṣe wáyà onírin márùn-ún ti ro èyí tẹ́lẹ̀: inú IN ni wọ́n fi nǹkan kékeré kan sí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gba iṣẹ́, kí iná ẹ̀rọ kan má baà kan ti èkejì.

MIDI 2.0 ti jáde láti 2020, ti 1983 kò sì tíì kúrò lójú iṣẹ́. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ra kíbọ́ọ̀dù tòkúnbọ̀, ẹ yí i padà kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó dúnàádúrà. Bí ihò onírin márùn-ún bá wà níbẹ̀, ẹ lè fi díẹ̀ kún owó yín. Bó bá jẹ́ USB nìkan ló ní, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá dráífà rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tí ẹ ní nílé, torí ilé iṣẹ́ tó ti pa tirẹ̀ tì kò kéré.